Ẹ̀kọ́ Nípa Àyíká àti Ẹranko: Ọ̀ranyàn Tí A Fi Ń Ṣe Yẹ̀yẹ́

  



Wàásù tí mo mú wá fún yín lósù yìí, orí ara mi ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọrùn mi hàn yín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé kéú wa mú ìwé kan wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún mi. Ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì ni. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ọmọ náà yàn nínú ìdánwò JAMB, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó o, Zoology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ni wọ́n fún un. Ó ní, “Ústáàsì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bàbá mi ní ohun tí ẹ bá ti sọ ni abẹ gé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìwọ tí o ti ka Al-Kùránì parí, ṣé eku àti àkèré ni o fẹ́ lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́? Jókòó sílé, kí o tún JAMB ṣe.” Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ bá mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ó ká ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún méjì gbáko ni ọmọ yìí fi jókòó sílé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní ọjà Ìkòtún, ó sì ń tún ìdánwò ṣe. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, kò bi mí léèrè mọ́. Ó gba ẹ̀kọ́ ìmójútó àyíká ní yunifásítì kan, ó sì wọlé lọ. N kò lè dá a lẹ́bi pé kò bi mí. Ta ni yóò tún padà sọ́dọ̀ oníṣègùn tí oògùn rẹ̀ kò jẹ́?

Nígbà tí ó ti lo ọdún díẹ̀ níbẹ̀, ó wá lo ìsinmi nílé. Ní àkókò náà, àwọn ọmọ kéékèèké ilé kéú wa ń ṣàìsàn. Inú ń run wọ́n, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ibà ń mú wọn. A ti ṣe àdúà, a ti ṣe sààrà, a tilẹ̀ ti dá àkàrà tí wọ́n ń rà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́bi. Ọmọbìnrin yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí a fi ń ṣe àlùwàlá, tí àwọn ọmọ náà sì ń mu nínú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ústáàsì, ẹ má bínú o. Ìṣísẹ̀ mélòó ni ó wà láti ìdí kànga yìí dé ìdí ṣáláńgá tí ń bẹ lẹ́yìn ògiri yẹn?”

Ìmọ̀ kéú ni mo fi dá a lóhùn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ka ìwé Al-Akhdarī ní ilé kéú ni ó mọ̀ pé omi tí ohun ẹ̀gbin kò bá tíì yí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà, omi ìmọ́ra ni. Mo ní, “Omi wa mọ́ gaara, kò rùn, kò sì korò.”

Ó ní, “Òótọ́ ni, sà. Ní ti àlùwàlá, bí ẹ ti wí i náà ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń fa àìsàn kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ jẹ́ kí a bu omi náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.”

A ka ìṣísẹ̀ náà. Mọ́kànlá péré ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní yunifásítì ni pé ó yẹ kí ó tó mítà 30 láàrin kànga àti ṣáláńgá. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, kòkòrò inú ìgbẹ́ ènìyàn wà nínú omi náà. A dá mímu omi kànga náà dúró lọ́jọ́ náà gan-an, a sì ń se omi kí àwọn ọmọ tó mu ún. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi rọlẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, n kò rí oorun sùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń pààrà mi lọ́kàn: bí ọmọ yìí bá ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ títí dópin ńkọ́? Ta ni ì bá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀?

Ohun tí ojú kò rí nínú omi wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kànga kan kọ́ ni mò ń sọ. Ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Ìgàndó, kànga àti omi inú ilẹ̀ tí a gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu. Ìgàndó yìí kan náà ni ààtàn ńlá Solous wà, ní ojú ọ̀nà tí ó ti LASU lọ sí Ìsẹ́rì. Gbogbo wa ni a mọ òórùn rẹ̀ bí a bá wọ ọkọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n òórùn ni èyí tí ó kéré jù nínú ewu ààtàn. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè ìdọ̀tí, omi náà a gba inú ìdọ̀tí kọjá, a fọ ohun tí ń bẹ nínú bátìrì tí ó ti kú, nínú ọ̀dà, nínú irin tí ó dípẹtà àti nínú ohun tí ó ti rà, a sì bá ilẹ̀ wọlé lọ. Bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró nísàlẹ̀, ọ̀nà kànga ni ó ń tọ̀. Òjé tí ó jáde láti inú bátìrì kò ní àwọ̀ nínú omi, kò ní òórùn, ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò kí ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ta ni ó ti wá yẹ omi náà wò? Àwọn onímọ̀ yunifásítì ni. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí jáde nípa omi inú ilẹ̀ ní ìtòsí Solous. Ìgò ni wọ́n fi bu omi láti inú kànga àwọn ará àdúgbò, wọ́n gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Kì í ṣe idán, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn jókòó kọ́ ni. Mo wá bi ara mi pé, àwa tí mọ́ṣáláṣí wa pọ̀ tó báyìí ní Ìgàndó, tí a ń lo omi lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ fún àlùwàlá, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ bí a ṣe ń yẹ omi wò?

Ẹ rántí pé ẹsẹ tí ó kẹ́yìn nínú Súrà Al-Mulk, ọ̀rọ̀ omi ni Ọlọ́hun fi parí rẹ̀. Ó ń bi àwa ẹ̀dá léèrè pé bí omi wa bá wọnú ilẹ̀ lọ, ta ni yóò mú omi tí ń ṣàn wá fún wa? Ènìyàn tí ó bá mọ bí omi ti ń rìn nínú ilẹ̀, ó yẹ kí ìbéèrè yẹn bà á lẹ́rù ju ẹni tí kò mọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1988. Àwọn oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wọ orílẹ̀-èdè wa, wọ́n sì kó wọn jọ sí àgbàlá kan ní Koko, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó ti di ìpínlẹ̀ Delta nísinsìnyí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san lóṣù fún ẹni tí ó ni àgbàlá náà, òun kò sì mọ ohun tí ń bẹ nínú àgbá wọ̀nyẹn. Àìmọ̀kan ni wọ́n fi ra ilẹ̀ rẹ̀. Ta ni ó wá tú àṣírí náà? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Ítálì ni. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé sílé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀ ní ọdún 1988 kan náà láti máa dáàbò bo àyíká. Àjọ NESREA ni ó wá rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2007. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò ó: àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín, tí wọ́n lè ka ìwé, tí wọ́n sì fẹ́ràn ilé, ni Ọlọ́hun fi yọ wá.

Ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo wa

Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà. Èkínní ni pé mo rò pé ìmọ̀ ayé lásán ni, kò sì kan ẹ̀sìn. Èkejì ni pé mo rò pé kò ní iyì.

Ní ti èkínní, àwọn onímọ̀ fiqh kọ́ wa pé ọ̀ranyàn pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ ti olúkúlùkù, bí ìrun kíkí àti ààwẹ̀. Ẹnìkan kò lè bá ẹlòmíràn ṣe é. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní fardu kifāya, ìyẹn ọ̀ranyàn àpapọ̀. Bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun. Ìrun òkú wà nínú irú èyí.

Imām Al-Ghazālī, tí ó kú ní ọdún 1111, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Ihyā’ ‘Ulūm ad-Dīn pé kì í ṣe ìrun òkú nìkan ni ó wà nínú ọ̀ranyàn àpapọ̀ yìí. Ó ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò mọ́ ọn, ó sì ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti aṣọ híhun mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí pé ìlú kò lè dúró láìsí wọn. Ó wá ráhùn nípa àwọn ará ìgbà rẹ̀ pé ìlú pọ̀ tí kò ní oníṣègùn kankan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ń rọ́ lọ sídìí fiqh, nítorí pé ibẹ̀ ni ipò adájọ́ àti ìṣàkóso dúkìá wà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìgbà Al-Ghazālī ni ọkùnrin yìí ń bá wí, tàbí ìgbà tiwa?

Bí omi inú ilẹ̀ Ìgàndó bá ń pa àwọn ọmọ wa, tí a kò sì ní ẹnìkan tí ó lè sọ fún wa, ìrun òkú wọn ni a ó máa kí, a ó sì máa sọ pé a ti ṣe ọ̀ranyàn. Ọ̀ranyàn tí a fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè ńkọ́?

Nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 30, Ọlọ́hun sọ fún àwọn mọ̀láíkà pé Òun yóò fi àrólé kan sórí ilẹ̀. Àrólé kì í ṣe onílé. Ẹni tí wọ́n fi ilé ṣọ́, bí onílé bá dé, yóò jíyìn ibi tí ó bá ya àti ibi tí ó bá jò. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú Súrà Ar-Rūm, ẹsẹ 41, Ọlọ́hun fi yé wa pé ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi, ọwọ́ àwa ènìyàn ni ó ti wá. Báwo ni àrólé yóò ṣe jíyìn ilé tí kò mọ iyàrá inú rẹ̀?

Àwọn ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́ ìjọ bíi tiwa

Ní ti iyì, ẹ ṣí Al-Kùránì Alápọ́nlé. Ọlọ́hun fi orúkọ màlúù pe súrà kan. Ó fi ti àwọn ẹran ọ̀sìn pe òmíràn. Oyin ní súrà tirẹ̀, èèrà ní tirẹ̀, aláǹtakùn ní tirẹ̀, erin sì ní tirẹ̀. Nínú Súrà Al-An‘ām, ẹsẹ 38, Ó ní gbogbo ẹranko tí ń rìn lórí ilẹ̀ àti ẹyẹ tí ń fò, ìjọ bíi tiwa ni wọ́n. Nínú Súrà Al-Ghāshiyah, Ó ní kí a wo ràkúnmí, bí a ti dá a. Ọlọ́hun tí ó ní kí a wo ràkúnmí, ṣé yóò ka ẹni tí ó jókòó wò ó dáadáa sí aláìníṣẹ́? Ọmọ Ādam àkọ́kọ́ tí ó pa arákùnrin rẹ̀, tí kò mọ bí yóò ti ṣe òkú náà, ta ni Ọlọ́hun rán sí i? Ẹyẹ ìwò kan ni, tí ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ẹyẹ ni ó kọ́ ènìyàn bí a ti ń sin òkú.

Àwọn aṣíwájú wa mọ èyí. Al-Jāhiz, ará Basra, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 868, kọ odidi ìwé ńlá kan tí ó pè ní Kitāb al-Hayawān, Ìwé Ẹranko. Ad-Damīrī, tí ó kú ní Cairo ní ọdún 1405, onímọ̀ fiqh àti hádíìsì ni. Síbẹ̀ ó kọ ìwé Hayāt al-Hayawān, ó to orúkọ ẹranko tẹ̀lé ara wọn bí álífábẹ́ẹ̀tì, ó sọ ìṣesí wọn, ó sì sọ èyí tí ó jẹ́ hálààlì àti èyí tí ó jẹ́ hàráámù. Àlùfáà ni. Kò sí ẹni tí ó bi í pé ṣé eku àti àkèré ni ó fẹ́ máa kọ́. Èmi tí n kò tó ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bi ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀kọ́ ẹranko kò mọ sí orí ìwé. Ní oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n rí àìsàn ẹyẹ tí a ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó tàn káàkiri. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó yìí. Àwọn tí wọ́n dúró láàrin àìsàn náà àti àwa ni àwọn oníṣègùn ẹranko, àwọn tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ adìẹ wò ní ilé ìwádìí tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1924, àti àwọn tí wọ́n wọ oko lọ láti dáwọ́ àrùn náà dúró. Ìyá tí ń ta adìẹ ní ọjà Ìkòtún kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko-Ọba, ní Agége, tí ẹran ń ti ibẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Mùsùlùmí ni ó ń dúńbú, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò sọ hálààlì nìkan. Ó so ó pọ̀ mọ́ èyí tí ó dára. Bí wọ́n bá dárúkọ Ọlọ́hun lórí màlúù tí ikọ́ ife ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ni, tí ó lè la inú rẹ̀ wò, kí ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, pé kí a pọ́n ọ̀bẹ kí ó mú, kí a sì jẹ́ kí ara tu ẹran tí a fẹ́ pa. Abū Dāwūd sì gbà á wá pé ràkúnmí kan sunkún nígbà tí ó rí Ànábì nínú oko ará Madīnah kan. Ànábì fọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́, ó sì pe olówó rẹ̀, ó kìlọ̀ fún un pé ebi ni ó fi ń pa ẹran náà, ó sì ń lò ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ tún bi àwọn òbí yín nípa igún. Wọn yóò sọ fún yín pé ní ìgbà kan, kò sí ibi ìpẹran tí ẹ kò ní í rí i. Àwọn baba wa a máa sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Lónìí wọ́n ń pa á ṣe oògùn, ó sì ti di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá, tí a ń pè ní IUCN, ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run. Ní ilẹ̀ Índíà, láti àwọn ọdún 1990 ni oògùn kan tí wọ́n ń fún màlúù ti pa igún wọn tán bí ẹní gbálẹ̀, ajá ìgboro sì wá ń pọ̀ sí i nídìí òkú ẹran. Ohun tí Ọlọ́hun fi ṣe agbálẹ̀ fún wa ni a ń pa, a kò sì mọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ẹranko ni yóò sọ fún wa.

Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò sọ pé, “Ústáàsì, wọn yóò kọ́ ọmọ mi pé ọ̀bọ ni ó bí ènìyàn.” Òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ Darwin ní kíláàsì. Ìdáhùn mi ni pé kí a fi ìmọ̀ ẹ̀sìn dì í lámùrè kí ó tó lọ. Ọmọ tí ó mọ ìtàn Ādam láti inú Al-Kùránì yóò kọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, yóò dáhùn ìbéèrè ìdánwò, yóò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sìn rẹ̀, kò ní láti dé kíláàsì ẹranko kí ó tó sọnù. Nínú ilé bàbá rẹ̀ náà ni yóò ti sọnù.

Àwọn mìíràn yóò bèèrè nípa ajá àti ẹlẹ́dẹ̀, àti nípa ẹranko tí wọ́n ń là wò. Ní ọ̀nà Mālik tí a ń tọ̀ ní ilẹ̀ wa, ajá tí ó wà láàyè kò fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbin, ẹni tí ẹ̀gbin bá sì kàn lára, yóò fọ̀ ọ́, yóò kírun rẹ̀. Ní ti àkèré, Abū Dāwūd gbà á wá pé Ànábì kọ̀ fún oníṣègùn kan láti pa á ṣe oògùn. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí má ṣe fi pípa ẹran ṣeré. Kí ó bi olùkọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá èyí tí ó ti kú tàbí àwòrán rẹ̀ lè rọ́pò, kí ó sì bi àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn. Bí Mùsùlùmí tí ó mọ̀ wọ̀nyí kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò bèèrè?

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkínní: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ JAMB, ẹ má fi orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan wò ó. Gẹ̀ẹ́sì, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì, pẹ̀lú Físíìsì tàbí Ìṣirò, ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń bèèrè. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹranko, ẹ̀kọ́ ẹran ìgbẹ́ àti ìṣègùn ẹranko. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń kọ́ni ní ìmójútó àyíká, ẹran ọ̀sìn àti ìṣègùn ẹranko. Yunifásítì Èkó àti LASU ń kọ́ni nípa ẹranko àti ẹja. LASU yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni láti Ìgàndó. Ní Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní odidi ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó dá lórí àyíká. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọdún mẹ́fà ni ti ìṣègùn ẹranko.

Èkejì: ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní bàbá dókítà tàbí ìyá lọ́yà jẹ ọdún ọmọ yín mọ́ ọn lórí. Ọdún tí ó bá lọ kì í padà.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wọn ìṣísẹ̀ láàrin kànga àti ṣáláńgá mọ́ṣáláṣí rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Kí a da owó jọ, kí a gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Kí a dẹ́kun dída ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìdọ̀tí sínú gọ́tà lẹ́yìn wàlímọ̀ àti ìpàdé wa. Ànábì wa ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Báwo ni ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ yóò ṣe máa kó ohun ìnira sójú ọ̀nà?

Ẹ̀kẹrin: kí ẹni tí ó bá gba irú ẹ̀kọ́ yìí tún àníyàn rẹ̀ ṣe. Bukhārī àti Muslim gbà á wá pé ọkùnrin kan fi bàtà rẹ̀ fa omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, Ọlọ́hun sì forí jì í. Ẹ̀san tí ó wà nídìí bàtà kan ṣoṣo tí ó kún fún omi nìyẹn. Kí ni yóò jẹ́ ẹ̀san ẹni tí ó tún omi odidi àdúgbò ṣe, tí ènìyàn àti ẹran jọ ń mu?

Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀, mo ti tọ ọmọbìnrin yẹn lọ pẹ̀lú bàbá rẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjì tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, “Ústáàsì, ẹ má bẹ̀ mí, Ọlọ́hun ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́, sà.” Nítorí ẹlòmíràn yẹn ni mo ṣe kọ wàásù yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni, tí ìwé ìgbaniwọlé rẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ, tí wọ́n sì ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, dìde, kí o lọ.

Ọlọ́hun Ọba, forí àṣìṣe wa jì wá, àti èyí tí a fi ẹnu ṣe, àti èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní. Wẹ omi wa mọ́, dáàbò bo àwọn ọmọ wa, má sì jẹ́ kí a jẹ́ àrólé tí ó ba ilé jẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ máa bá Ànábì Muhammad. Āmīn, yā Rabbal-‘ālamīn.